Kí O Tó Tún Ra Kẹ́míkà, Wo Ẹnu Sìkímà

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mi ò sì fẹ́ kí àwọn tó ń ta kẹ́míkà gbọ́ ọ. Bí omi púùlù rẹ bá ti ń ṣú, tí ewé ń léfòó lójú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ara táìlì sì ń yọ̀ bọ̀rọ́, má tíì sáré lọ ra garawa kílóríìnì HTH mìíràn. Kọ́kọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ létí púùlù náà, kí o wo ihò onígun mẹ́rin tó wà lára ògiri, níbi tí omi ti ń wọlé lọ bá pọ́ǹpù. Sìkímà nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ: lọ́pọ̀ ìgbà tí omi bá bàjẹ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà, kì í ṣe inú garawa.

Ìwọ nìkan kọ́ ni wàhálà yìí ń bá. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Ẹmùrè ní Èkìtì, àwa obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó ń bójú tó ilé àlejò, gbọ̀ngàn ayẹyẹ, àti àwọn ilé ńlá tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun kọ́ sílé. Ẹni tó gbẹ́ púùlù á lẹ táìlì búlúù tó ń dán, á ya fọ́tò, á gba ìyókù owó rẹ̀, á padà sí Èkó. Ọmọkùnrin kan tó ń wá lọ́jọ́ Sátidé ni yóò kù fún ọ. Ọmọ náà lè mọ iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé orí púùlù tìrẹ ló ti ń kọ́ ọ. Mi ò ní kí o di púlọ́ńbà. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí o mọ ohun tó yẹ kó wà nínú ihò yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi “Màmá, pọ́ǹpù ti kú” gba owó ọwọ́ rẹ.

Tí o bá ti lọ sí Ìkògòsì rí, o lè máa bi ara rẹ léèrè pé kí ló dé tí omi tiwọn kì í yọni lẹ́nu báyìí. Tiwọn yàtọ̀. Omi ìsun ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun láti inú ilẹ̀, ó ń ṣàn wọlé, ó ń ṣàn jáde, ó sì ń gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Nínú púùlù tìrẹ, omi kan náà ló ń yí po: láti inú púùlù wọ sìkímà, láti sìkímà dé pọ́ǹpù, ó gba inú asẹ́ oníyanrìn kọjá, ó tún padà sínú púùlù. Kò sí ẹni tó ń bu omi tuntun sí i lójoojúmọ́. Ní ìlú tí àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bíi ti Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá ti gbẹ́ bóòhòòlù rí mọ iye tó ná òun kó tó rí omi. Nítorí náà, ìdọ̀tí tí sìkímà kò bá mú, inú ilé ló wà. Á rì, á jẹrà sísàlẹ̀, kílóríìnì tí o dà sínú omi láti pa kòkòrò àrùn á sì máa tán sórí ewé jíjẹrà. Ibi tí owó kẹ́míkà rẹ ń gbà lọ nìyẹn.

Jẹ́ ká wo inú ihò náà dáadáa. Tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, wàá rí ilẹ̀kùn ike pẹlẹbẹ kan lẹ́nu sìkímà, tó ń léfòó, tó ń mì síwá sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn yìí ni olórí gbogbo ẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá ń fa omi, á tẹ̀ sínú díẹ̀, omi ojú òkè nìkan ni yóò sì máa gba orí rẹ̀ kọjá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Torí pé ọ̀nà ti há, omi náà á yára, á sì máa wọ́ ewé, eruku àti ọ̀rá ìpara láti òdìkejì púùlù wá. Bí kò bá sí ilẹ̀kùn náà, pọ́ǹpù kàn ń fa omi àárín ni, ìdọ̀tí ojú omi á sì jókòó síbi tó wà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ló kan àwa tó ń gbé níhìn-ín jù. Tí pọ́ǹpù bá dúró, ilẹ̀kùn á dìde, á sì dí ẹnu ihò náà, kí ohun tó ti wọ inú agbọ̀n ike tó wà nínú ihò náà má baà léfòó padà sínú púùlù. O mọ̀ bí BEDC, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, ṣe máa ń mú iná lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, tí ilẹ̀kùn kò sì sí níbẹ̀, ewé tí o ti fi jẹnẹrétọ̀ kó láti àárọ̀ á tún jáde wá. Epo tí o rà ti ṣòfò nìyẹn. Mo sì máa sọ òótọ́ fún ọ: àwọn ọmọkùnrin ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ló sábà máa ń yọ ilẹ̀kùn yìí dànù, torí ó máa ń dí wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ ki ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ bọ ihò náà. Wọ́n á ní “kò ṣe pàtàkì.” Ó ṣe pàtàkì. Sọ fún wọn pé kí wọ́n dá a padà.

Láti dán an wò, ti ilẹ̀kùn náà sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì, kí o sì fi í sílẹ̀. Tó bá dìde fúnra rẹ̀, ó dáa. Tó bá dùbúlẹ̀ sílẹ̀, omi ti wọ inú fóòmù tó ń gbé e léfòó. Tó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ kan há, ìṣó ike tó so ó mọ́ ara ògiri ti já tàbí ti jẹ. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò la fífọ́ táìlì lọ. Pa pọ́ǹpù, kí o pa súwíìṣì iná rẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án nígbà tí ọwọ́ rẹ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ní ìṣó kékeré ní ọ̀tún àti ní òsì. Àwọn mìíràn ní sípíríǹgì. Tẹ ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, fà á síta, ó ti bọ́ nìyẹn. Tí o bá fẹ́ ra tuntun, inú ọ̀nà ọ̀fun ihò náà gan-an ni kí o wọ̀n, má ṣe wọn férémù tó yí i ká lóde. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ra èyí tó tóbi jù nìyẹn, tí wọ́n á sì máa fi ọ̀bẹ gé e létí títí á fi bàjẹ́.

Ìwọ̀n omi wá ńkọ́? Ojú omi gbọ́dọ̀ dé agbedeméjì ẹnu sìkímà. Nínú ọyẹ́, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń mu omi púùlù lọ láìsí ẹni tó fura, àwọn ọmọdé tó ń fò sínú rẹ̀ náà ń ta díẹ̀ síta. Tí omi bá wá sílẹ̀ ju ẹnu ihò lọ, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù á máa fà. Wàá mọ̀: àwọn ihò tí omi ń gbà padà wọ púùlù á máa ta ìfófòó, ohùn pọ́ǹpù á sì yí padà. Má fi í sílẹ̀ títí di ọ̀la. Omi tó ń gba inú pọ́ǹpù kọjá ni kì í jẹ́ kó gbóná; tí kò bá sí omi, rọ́bà tó ń dí i nínú á jóná, lẹ́yìn náà á máa jò. Ní ìgbà òjò, òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Òjò alẹ́ kan lè kún púùlù débi pé omi á bo ẹnu sìkímà mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní lè ṣe nǹkan kan. Ṣí omi díẹ̀ dànù láti yàrá pọ́ǹpù kó tó di pé àlejò jí.

Agbọ̀n ike tó wà nínú ihò náà ló máa ń tètè gbó jù, torí oòrùn àti kílóríìnì máa ń gba agbára ike. Fi àtàǹpàkò tẹ egungun rẹ̀. Tó bá ṣì ń tẹ̀, tó sì ń padà, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá, tó ń dún kàn-ún tí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ti fẹ́ fọ́. Egungun kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ ti tó láti jẹ́ kí igi ewé máńgòrò kọjá lọ sínú agbọ̀n kejì tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù. Tí ìyẹn náà bá kún, apá tó ń yí nínú pọ́ǹpù ni yóò gba ìyà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà di agbọ̀n tó ṣẹ́. Wáyà á dógùn-ún, ìdógùn-ún náà á sì kọ àbààwọ́n sára táìlì tí kò ní í lọ mọ́. Agbọ̀n kò wọ́n. Pọ́ǹpù ló wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá sì ń da ewé inú rẹ̀ nù, kí wọ́n má máa gbá a mọ́lẹ̀ gbà-á, gbà-á. Kí wọ́n yí i dà, kí wọ́n fi omi ṣàn án láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló yẹ kí a da agbọ̀n náà. Tí igi fúrúùtù tàbí máńgòrò bá wà nítòsí, ẹ̀ẹ̀mejì ni nígbà tí ewé ń wọ́. Àwọn alẹ́ kan wà lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tí èsúnsún á jáde, tí wọ́n á ya bo iná tí o tàn sétí púùlù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹ́ wọn á ti bo ojú omi. Ìmọ̀ràn mi ni kí o pa iná etí púùlù lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí o fi iná kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n lọ kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò tó fẹ́ yan èsúnsún jẹ á tún bá ọ kó wọn.

Ìyẹ́ èsúnsún àti eruku ọyẹ́ kéré ju ojú ihò agbọ̀n lọ, wọ́n á kàn kọjá lọ sínú asẹ́ oníyanrìn ni. Èyí ni àṣírí tí mo fẹ́ fún ọ: mú sítókìn àtijọ́ kan, èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí o ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti já, kí o nà án bo agbọ̀n náà láti ìta. Á máa jọ eruku náà bí ajọ̀ ṣe ń jọ gàrí. Ṣùgbọ́n má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó tètè máa ń dí, tó bá sì dí, ebi omi á pa pọ́ǹpù. Lọ́jọ́ tí eruku bá pọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o fọ̀ ọ́ tàbí kí o pààrọ̀ rẹ̀.

Irun náà ńkọ́! Attachment tó ń bọ́ lórí àwọn obìnrin wa ni ọ̀tá pọ́ǹpù jù lọ ní ilẹ̀ yìí. Kì í jẹrà, kì í já, á kàn máa wé mọ́ apá tó ń yí nínú pọ́ǹpù ni. Ra fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ kí o máa yá àlejò lò, kí o sì ní kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ fi omi ṣan ara kí wọ́n tó wọlé. Ìlà dúdú tó ń yọ̀ lára táìlì, níbi tí ojú omi dé, ìpara, òrí àti ọṣẹ ara ènìyàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Má ṣe ki ọwọ́ bọ inú sìkímà láìwò ó. Ọ̀pọ̀lọ́ máa ń há síbẹ̀ lákòókò òjò, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́ kò bà ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ máa ń tẹ̀ lé e, àkekèé sì fẹ́ràn abẹ́ ìdérí tó tutù. Pa pọ́ǹpù, fi igi ṣí ìdérí, tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí o tó fi ìwọ̀ gbé agbọ̀n jáde.

Ní báyìí, fetí sí mi dáadáa, torí èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Oríṣi kílóríìnì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni HTH oníyẹ̀fun tàbí oníhóró, tó jẹ́ calcium hypochlorite. Èkejì ni àkàrà funfun líle tí ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ trichlor. Méjèèjì kò gbọ́dọ̀ pàdé láé. Tí wọ́n bá pàdé nínú sìkímà tó tutù díẹ̀, wọ́n lè gbóná, kí wọ́n yọ èéfín olóró, kí wọ́n tilẹ̀ bú gbàmù. Ẹni tó bá ti fi àkàrà trichlor sínú agbọ̀n sìkímà lánàá, tí òmíràn wá da HTH lé e lórí lónìí, ti fi ojú àti ẹ̀dọ̀fóró wewu. Ṣíbí tí o fi bu ọ̀kan, má fi bu èkejì. Kódà kó jẹ́ trichlor nìkan, mi ò fẹ́ ẹ nínú sìkímà ní ibi tí iná kò ti dúró. Kíkan rẹ̀ pọ̀. Tí pọ́ǹpù bá dúró, omi kíkan yẹn á jókòó sínú ihò náà, á máa jẹ ike àti rọ́bà, tí iná bá sì dé, á rọ́ lọ sínú pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ra ike tó ń léfòó tí wọ́n máa ń ki àkàrà yẹn sí, jẹ́ kó máa rìn kiri lójú omi nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú púùlù. HTH ní tirẹ̀, po ó sínú garawa omi ní ìrọ̀lẹ́, omi ni kí o kọ́kọ́ bù, kí o tó da HTH sí i, kí o wá dà á yí púùlù ká.

Tí omi bá ń dín kù tí o kò mọ̀ bóyá oòrùn ló ń mu ún tàbí ó ń jò, bu omi púùlù sínú garawa kan, gbé e lé orí àtẹ̀gùn inú púùlù kí omi má baà bò ó. Fi máákà fa ìlà sí ibi tí omi dé nínú garawa àti ibi tí omi púùlù dé lára rẹ̀ níta. Lẹ́yìn wákàtí 24, wo méjèèjì. Tí wọ́n bá jọ lọ sílẹ̀ bákan náà, oòrùn ni. Tí ti ìta bá lọ sílẹ̀ ju ti inú lọ, ó ń jò, ibi tó sì yẹ kí o kọ́kọ́ fura sí ni ibi tí ike sìkímà ti pàdé símẹ́ǹtì, torí méjèèjì kì í wú bákan náà nínú oòrùn. Pa pọ́ǹpù, dúró kí omi pa rọ́rọ́, kí o rọra kán àwọ̀ pupa tí àwọn oní-kéèkì ń lò sẹ́bàá ibi tí o fura sí. Tí àwọ̀ náà bá ń rá wọ inú ògiri, o ti mú olè. Lẹ́ẹ̀mọ́ epoxy wà tó ń gan lábẹ́ omi, òun ni kí wọ́n fi dí i. Símẹ́ǹtì lásán kò ní mú ike dúró. Tó bá jẹ́ pé ara sìkímà fúnra rẹ̀ ló là, iṣẹ́ fífọ́ ni o, pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ní ìgbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sábà ń fẹ́ wá, á máa ti ewé lọ sí apá àríwá ìlà-oòrùn púùlù. Tí ọyẹ́ bá dé, á yí padà. Sìkímà kan ṣoṣo kò lè wà ní apá méjèèjì. Nítorí náà, yí àwọn ojú ihò tí omi ń gbà padà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí wọ́n gbójú sókè díẹ̀, kí ojú omi lè máa yí po lọ sí ẹnu sìkímà. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí iná bá wà lọ́sàn-án, bí wákàtí mẹ́jọ ni kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Bí kò bá sí, àwọ̀n tó ní ọ̀pá gígùn ni ọ̀rẹ́ rẹ.

Nípa ríra agbọ̀n àti ilẹ̀kùn, àárín Adó àti Àkúrẹ́ ni Ìkẹ́rẹ́ wà, nítorí náà o lè lọ sí ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ará Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè, ẹ kọ́kọ́ pe ọlọ́jà kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọjà Odúnadé ní Orílé l'Ékòó ni ọ̀pọ̀ nǹkan omi wà, wọ́n á sì fi wébíìlì ránṣẹ́ sí gáréèjì. Má kàn sọ pé “agbọ̀n sìkímà” lórí fóònù. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń wà lábẹ́ ìdérí: Hayward, AstralPool, Emaux, tàbí òmíràn. Gbé agbọ̀n àtijọ́ kalẹ̀, gbé tépù ìwọnṣọ rẹ lé ẹnu rẹ̀, ya fọ́tò. Gbé e lé ìdí rẹ̀, tún yà á. Wọn gíga rẹ̀ náà. Agbọ̀n tó jọra lójú lè kéré díẹ̀ ju ti ihò lọ, ewé á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ra agbọ̀n méjì àti ilẹ̀kùn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Sùkúrúù tí wọ́n máa fi de férémù, ti irin tí kì í dógùn-ún ni kí o béèrè. Fún rọ́bà tó yí ìdérí pọ́ǹpù ká, gíríìsì sílíkónì ni kí wọ́n fi pa á. Fasilíìnì tí ọ̀pọ̀ ń lò máa ń jẹ́ kí rọ́bà náà wú, kó sì jẹ.

Èyí tó kù ni ìdérí sìkímà, èyí tó wà nílẹ̀ létí púùlù tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ kọjá. Oòrùn ń jẹ òun náà. Ibi tí mo ti rí i tó fọ́, pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó, pákó náà sì ti rà lábẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọdé lè wọ ibẹ̀ títí dé itan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, kí àlejò òpin ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, rọra fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìdérí náà. Tó bá dún tàbí tó bá tẹ̀ wọlé, gbé àga ike lé e kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀, kí o sì pe ọlọ́jà lálẹ́ ọjọ́ náà.